Ọkọ Mi Kékeré Ń Bá Ìyàwó Mi Gbé

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tí ó mú kí Ọ̀tún Yínúsà rẹ́rìn-ín títí tí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, tí ó sì mú kí èmi tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ jẹ̀bi, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè mí lẹ́jọ́. Èmi ni akọ̀wé ààfin. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ka ẹrù ní Warehouse Road kí n tó fẹ̀yìn tì, kí Baálẹ̀ wa tó ní kí n wá máa bá òun ka irọ́ àwọn ará Ajégúnlẹ̀. Ẹrù dùn ún kà ju irọ́ lọ. Ẹrù kì í bú sẹ́kún láàárín.

Kí ẹjọ́ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe láàfin wa. Ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ariwo, ẹjọ́ ajá tó gé ọmọ ọlọ́mọ jẹ, gbangba la ti ń gbọ́ wọn, ẹni tó bá wù lè gbé àga wá láti ilé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tọkọtaya àti ti ọmọ, inú yàrá ni. A ó ti ilẹ̀kùn, ẹni tó bá sì wọlé á búra pé òun ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni lóde. Baálẹ̀ tó jẹ ṣáájú ló ṣòfin náà, ó ní kò yẹ kí ayé máa fi ọ̀rọ̀ ìdílé ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin tó dáa ni. Òun náà ló sì bí ìjà yìí.

Ẹjọ́ àṣírí tó tú ni ti àná, kì í ṣe ti tọkọtaya, nítorí náà gbangba la ti gbọ́ ọ, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́ ni Dáhùnsí, awakọ̀ tírélà ní Creek Road, ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀, tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ níwájú ikùn. Ẹni tí ó pè lẹ́jọ́ ni Fọláyọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́ rárá. Lẹ́bàá ògiri ni Ebiere jókòó sí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lórí itan. Ará Bayelsa ni, òun sì ni ìyàwó Dáhùnsí kí wọ́n tó pínyà lọ́dún tó kọjá.

"Dáhùnsí, ọ̀rọ̀ ẹ ló kàn," Baálẹ̀ wí.

"Kí Baálẹ̀ pẹ́. Obìnrin yìí tú àṣírí mi."

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ lo pè ní obìnrin yìí?"

"Ẹ má bínú, sà. Ìyàwó wa yìí ló tú àṣírí mi. Ẹjọ́ tí ẹ gbọ́ nínú yàrá lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó wa wà níbẹ̀, ó búra níwájú yín pé òun ò ní dárúkọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé tó fi gbé ohùn sórí WhatsApp, tí gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ."

"Fọláyọ̀, o dárúkọ?"

"Rárá o, Baálẹ̀. Mi ò dárúkọ."

"Ó dárúkọ, sà."

"Mi ò dárúkọ. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo wọ ilé wọn, mi ò tíì dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo rí níbẹ̀. Ṣé ìyàwó ilé ń dárúkọ ará ilé ọkọ ni? Ojú ọ̀nà ni mo ti máa ń gbọ́ orúkọ wọn, mo sì máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró báyìí pé kí n dárúkọ ìyá ọkọ mi, àhámọ́ ni màá sùn."

Àwọn àgbà obìnrin tó wà níkàlẹ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ní ilé Yorùbá, àdápè ni ìyàwó fi ń pe gbogbo ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tó ń rákò.

"Kí a gbọ́ ohùn náà," Baálẹ̀ wí.

Dáhùnsí gbé fóònù rẹ̀ fún mi. Mo yí ohùn rẹ̀ sókè débi tí ó lè dún dé, nítorí Ọ̀tún Yínúsà. Ọ̀tún ti ṣiṣẹ́ èbúté fún ọgbọ̀n ọdún, ariwo ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹténà sì ti pa etí rẹ̀ òsì, ti ọ̀tún náà ń ro ó wò. Ohùn Fọláyọ̀ jáde:

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n ta yín lólobó. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ yẹn, wọ́n ti dá a. Wọ́n ní kí ọkọ mi kékeré máa bá ìyàwó mi gbé. Kí Eyínfúnjowó máa wá mú un jáde ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Kí ẹnikẹ́ni má dí ìyàwó mi lọ́wọ́ mọ́ o. Mi ò dárúkọ o. Ire o."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Ta ni Eyínfúnjowó?"

"Èmi ni, sà," Dáhùnsí dáhùn.

"Ya ẹnu."

"Sà?"

"Mo ní kí o ya ẹnu."

Dáhùnsí ya ẹnu. Obì tí ó ti ń jẹ lójú ọ̀nà láti Apapa dé Kánò ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ láìdúró gbowó. Ọ̀tún Yínúsà dìde, ó súnmọ́ ọn, ó wo inú ẹnu náà bí ẹni ń yẹ kọ̀ǹténà wò.

"Baálẹ̀, mi ò rí nǹkan funfun kankan níbí."

"Ẹ̀yin náà ẹ rí i," Fọláyọ̀ wí. "Ẹni tí eyín rẹ̀ fún ju owó ẹyọ ni mo bá wí. Bí tiẹ̀ bá fún, kí ó fi hàn."

"Nígbà tí ẹ wọlé wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí," Dáhùnsí wí. "Eyín mi fún nígbà yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ mí bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀, gbogbo Creek Road ló mọ̀ pé èmi ni. Mo ní ẹlẹ́rìí."

Ẹlẹ́rìí tí ó mú wá ni Desmond, awakọ̀ bíi tiẹ̀, ọmọ Warri tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá débi tó wù ú.

"Good afternoon, Baálẹ̀ sà. Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o."

"Desmond," Dáhùnsí wí, "sọ fún wọn. Nígbà tí ohùn yẹn jáde, ṣé gbogbo yáàdì tírélà wa ò gbọ́ pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi?"

"Ọmọ kẹ̀? Ọmọ wo? Me I no hear pikin matter o. Ohun tí mo gbọ́ ni pé court don collect Madam Fọláyọ̀ husband, dem carry am give another woman."

Ilé pariwo. Mo lu tábìlì.

"Ta ló gba ọkọ ta?" Ọ̀tún bèèrè, ó gbé ọwọ́ sí etí.

"Ṣebí ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, sà. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. 'Ọkọ mi kékeré.' Ọkọ ẹ̀ short, everybody sabi. Wọ́n ní kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyàwó. Na that 'ìyàwó mi' come confuse me. I come dey reason say, abi Madam sef get wife? Ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ tóbi, mi ò fẹ́ dá sí i. So I buy malt, mo lọ kí ọkọ ẹ̀. I tell am say, bros, take heart, court na court."

"Kí ni ọkọ rẹ̀ sọ?"

"Ó ní ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. But he collect the malt."

Ibí yìí ni fìlà ti bọ́ lórí Ọ̀tún. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ẹsẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tàbí ó kàn ń rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín.

"Baálẹ̀, ọjọ́ méjì ni ọkọ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀," Fọláyọ̀ wí. "Ó ní kí n fi obìnrin tí ààfin fa òun lé lọ́wọ́ han òun, kí òun lè mọ ibi tí òun ń kó ẹrù òun lọ."

"Eyínfúnjowó ńkọ́?" Baálẹ̀ bi Desmond. "Ta lo rò pé ó jẹ́?"

"Vulcanizer wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín tuntun sẹ́nu ní December, e white like plate. I even ask am wetin he dey do with person husband every Sunday. Ó fẹ́ fi pọ́ọ̀ǹpù lù mí."

Dáhùnsí di orí mú. "Desmond, èmi ni mo mú ẹ wá."

"Oga mi, na truth you say make I talk."

Dáhùnsí pe ẹlẹ́rìí kejì. Mísì Philomena ni, olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí ààfin. Láti ìgbà tó ti wọlé ni kò ti gbójú kúrò lára aago ògiri.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, aago kan ti kọjá. Aago méjì la máa ń jáde. Èmi ni mo máa ń fi àwọn ọmọ kíláàsì mi lé òbí lọ́wọ́ lẹ́nu géètì."

"A ò ní pẹ́ dá yín sílẹ̀. Dáhùnsí, ṣe kíá."

"Mísì, ẹ gbọ́ ohùn yẹn, àbí ẹ ò gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tíṣà."

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi dáadáa."

Dáhùnsí kọjú sí Baálẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ gbọ́ bí, sà? Ó yé wọn."

"Kí ló yé yín, Mísì?" Baálẹ̀ bi í.

"Pé obìnrin náà fẹ́ ọkọ méjì, sà. Bí ọkùnrin ṣe ń ní ìyáálé àti ìyàwó kékeré, òun ní ọkọ ńlá àti ọkọ kékeré. Wọ́n wá ní kí kékeré kó jáde. Mo tiẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn ìyá ìjọ wa lè máa fi í sádùúrà."

Ebiere, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Baálẹ̀ rí i. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Mísì, ọmọ Ebiere ń bẹ ní kíláàsì yín. Ta ló ń mú un lọ sílé?"

"Ìyá bàbá rẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ìyá rẹ̀?"

"Bàbá rẹ̀ ló wá bá mi, sà. Ó ní ààfin ti dájọ́. Mo ní kí ni wọ́n dá. Ó ní òun ti búra, òun ò gbọdọ̀ sọ. Ó ṣáà ní kí n má fi ọmọ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́."

Gbogbo ojú bọ́ sára Dáhùnsí. Èmi náà wò ó, nítorí èmi ni mo kọ ìdájọ́ yẹn sínú ìwé, mo sì mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Dáhùnsí, bẹ́ẹ̀ lo sọ?"

"Mi ò purọ́, sà."

"Mi ò tíì sọ pé o purọ́."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo sọ. Mo ní ààfin ti dájọ́. Òótọ́ ni, àbí irọ́? Mo ní mi ò gbọdọ̀ sọ ohun tí wọ́n dá. Òótọ́ ni, òfin yín ni. Mo wá ní kí Mísì má fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Baálẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe irọ́."

Àwọn kan nínú ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Irọ́ tó bá dára tó báyìí, ó yẹ kí wọ́n fi oyè dá a lọ́lá.

Ebiere dìde.

"Bàbá, ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń dúró lẹ́nu géètì yẹn. Mo máa ń dé kí wọ́n tó lu aago. Tí ọmọ mi bá jáde, ó máa sáré wá, màmá ọkọ mi á fà á lọ́wọ́, wọ́n á lọ. Ó máa ń wẹ̀yìn títí tí wọ́n á fi yà. Mísì ní kí n lọ mú ìwé wá láti ààfin. I come here. Secretary ní wọn kì í kọ ìwé ẹjọ́ inú yàrá fún ẹnikẹ́ni."

Èmi ni Secretary. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lóòótọ́, mo tiẹ̀ fi ọ̀nà àbájáde hàn án. Ojú tì mí, mo tẹ orí sínú ìwé mi.

"Ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀, mi ò sọ̀rọ̀," Ebiere ń bá a lọ. "Gbogbo street wá ń sọ pé ààfin ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní tí obìnrin ò bá ṣe nǹkan burúkú, ta ló máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀? Bàbá, mo borí ẹjọ́. Na me win. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún."

"Ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ nìyẹn," Fọláyọ̀ wí, kò dúró kí wọ́n bi í. "Ẹ ti òótọ́ mọ́lé, irọ́ wá ń rìn káàkiri àdúgbò, ó ń jẹun lójúlé dé ojúlé. Mo ní kí n sọ ọ́ láìsọ ọ́."

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí Dáhùnsí.

"O pe Fọláyọ̀ lẹ́jọ́ pé ó tú àṣírí. Ẹlẹ́rìí rẹ àkọ́kọ́ ní ọkọ kúkúrú ni. Ẹlẹ́rìí rẹ kejì ní ọkọ méjì ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá yé ẹnì kankan, àṣírí wo ló tú?"

"Kò sí, sà," Fọláyọ̀ dáhùn kíá. "Mi ò tú nǹkan kan."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dáhùnsí fò dìde, bọ́tìnnì kan já lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Kí ni kò yé ènìyàn níbẹ̀? Yorùbá ilé ni! Ìyàwó ilé ló máa ń pe ọmọ inú ilé ní ọkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọbìnrin. Ọkọ mi kékeré yẹn, ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà ní kíláàsì Mísì yìí. Ìyàwó mi yẹn, Ebiere ni, torí ẹ̀yìn ìyàwó wa ló wọlé. Ohun tó ń sọ ni pé ààfin ní kí ọmọ mi máa gbé lọ́dọ̀ Ebiere, kí èmi máa mú un jáde ní Sunday nìkan. Ó hàn gbangba. Ọmọdé á mọ̀ ọ́n!"

Níta, àwọn tó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé wá láti ilé wo ara wọn. Ó tó ọgọ́rin ènìyàn tó wà níbẹ̀, mo kà wọ́n, àṣà iṣẹ́ mi àtijọ́ ni.

Mísì Philomena rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Háà," ó wí. "Ó wá yé mi wàyí."

"Oga mi," Desmond wí, "so na you lose?"

Dáhùnsí jókòó. Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Ọ̀tún ní kí ó tún un sọ.

"Mo ní, ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n bi mí nìyẹn. Ní yáàdì wa, tí wọ́n bá gbọ́ pé obìnrin borí ẹ, ó tán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ dájọ́, mo délé, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní tí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, bóyá kò ní rí bẹ́ẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò yẹ kí ó ṣe akọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ṣe mí.

Baálẹ̀ àti Ọ̀tún bọ́ sí kọ̀rọ̀ láti gbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àmọ́ nítorí etí Ọ̀tún, ìkọ̀kọ̀ náà ò jẹ́ ìkọ̀kọ̀. Títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún bàtà ṣe níta ni wọ́n ti gbọ́ tí Baálẹ̀ ń pariwo pé, "Mo ní ọmọ náà ńkọ́?" tí Ọ̀tún sì ń dáhùn pé, "Ọmọ ta?" Nígbà tí wọ́n padà wá jókòó, gbogbo wa la ti mọ ìlàjì ìdájọ́, ṣùgbọ́n a ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Fọláyọ̀, dìde. O jẹ̀bi."

"Ti kí ni, Baálẹ̀?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ méjì ni. Èkíní, o tú àṣírí yàrá. Èkejì, o tú u, kò sì yé ẹnikẹ́ni. Èyí kejì ló burú jù. Ẹni tí yóò bá rú òfin nítorí òótọ́, kí ó jẹ́ kí òótọ́ náà yé ènìyàn. Ìyà rẹ rèé: fún oṣù mẹ́ta gbáko, orúkọ àbísọ ni kí o máa fi pe gbogbo ará ilé ọkọ rẹ."

Fọláyọ̀ wólẹ̀. "Háà, Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi. Ẹ kúkú rán mi lọ sí Kirikiri."

"Kirikiri kì í gba ẹjọ́ àdápè."

Láti ẹ̀yìn, ìyá Dáhùnsí, tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀, fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Baálẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi? Kí ìyàwó ilé mi máa wá pe orúkọ mi mọ́ mi lójú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi? Ṣé èmi lẹ dá lẹ́jọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Baálẹ̀ lára. Ó wo Ọ̀tún, Ọ̀tún wo àjà.

"Ó dáa. Mo dín in kù. Dáhùnsí nìkan ni. Oṣù mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ gan-an, kí wọ́n gbọ́ ọ dé ilé kejì. Ìwọ Dáhùnsí, dìde. O jàre ẹjọ́ rẹ."

Dáhùnsí gbójú sókè.

"O jàre. Ó búra, ó sì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà búra, o sì ti sọ ọ́ kedere lónìí níwájú gbogbo ènìyàn, o tiẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Èyí tí Fọláyọ̀ sọ ò yé ẹnikẹ́ni, tìrẹ yé títí dé ọ̀dọ̀ Desmond. Nítorí náà, ẹnu tó pa ìdájọ́ mọ́ ni yóò kéde rẹ̀. Lẹ́nu géètì ilé-ìwé, níwájú gbogbo òbí, kí o dárúkọ ara rẹ, kí o sọ ohun tí ààfin dá. Aago mélòó ló lù?"

"Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kù kí aago méjì lù, sà," Mísì Philomena dáhùn, ó ti dìde.

"Ìsinsìnyí ni, kì í ṣe lọ́la. Akọ̀wé."

Mo wẹ̀yìn. Mo rò pé akọ̀wé mìíràn wà níbẹ̀.

"Ìwọ ni. Ìwọ lo lé obìnrin yìí padà lẹ́nu ọ̀nà."

"Òfin ni mo tẹ̀ lé, Baálẹ̀."

"Òfin tí èmi náà ń lò ni. Èmi àti ìwọ la jọ jẹ̀bi. Ìyà tèmi ni pé kí n fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé náà nínú oòrùn yìí. Tìrẹ rèé. Ohun tí tọkọtaya bá bá ara wọn sọ nínú yàrá, kí ó kú sínú yàrá. Àmọ́ ohun tí àwa bá dá, kì í ṣe tiwọn nìkan, tiwa náà ni, kò sì yẹ kí a máa tijú rẹ̀. Láti òní lọ, kí o máa kọ ìdájọ́ jáde, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ààfin, kí o sì máa fi ẹnu ara rẹ ròyìn rẹ̀ fún ẹni tó bá bèèrè. Dárúkọ àgbà. Dárúkọ tèmi tí mo bá ṣì í dá. Orúkọ ọmọdé nìkan ni kí o gbé mì."

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín rèé. Ẹ má rò pé olófòófó ni mí, ìyà mi ni mò ń jẹ. Bí ẹ bá sì bi mí léèrè orúkọ ọmọ náà, mo ti gbé e mì.

A jáde. Mísì Philomena ṣáájú, ó ń sáré díẹ̀ díẹ̀. Baálẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú agboòrùn, Ọ̀tún ń bi gbogbo ènìyàn léèrè ibi tí à ń lọ, ìyá Dáhùnsí ń kan ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn, Desmond bọ́ sí àárín títì, ó dá tírélà méjì dúró kí àwa lè kọjá. Ebiere ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó kàn ń rìn, ó ń tún ìró rẹ̀ ró bí ó ti ń lọ.

Aago ń lù lọ́wọ́ nígbà tí a dé ibẹ̀. Àwọn òbí tó wá mú ọmọ rí Baálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Baálẹ̀ na ọ̀pá sí Dáhùnsí.

Dáhùnsí gbá ọ̀fun rẹ̀ mọ́. "Èmi ni Dáhùnsí. Mò ń wa tírélà ní Creek Road. Ààfin ní kí ọmọ mi máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Ebiere. Ebiere ò ṣe nǹkan burúkú kankan. Èmi ni mo mọ̀, tí mi ò sọ."

Ẹnikẹ́ni ò fi í rẹ́rìn-ín. Mo wo Desmond, bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín màá kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó ń wò.

Mísì Philomena ṣí géètì, ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ jáde. Ọmọ náà dúró. Ó wo ìyá bàbá rẹ̀, ẹni tó ń mú un lọ sílé lójoojúmọ́, ìyá àgbà náà ò na ọwọ́. Ó wá wo Ebiere, ó rìn lọ bá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tún dá òun padà. Nígbà tí ó rí i pé kò sẹ́ni tó fa òun, ó di ìró ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin. Ebiere bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a so okùn bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ okùn bàtà náà ò tú. Ẹkún ló ń sun níbẹ̀.

Láti ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ọmọ náà kọjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ní Sunday?"

Ọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta nílẹ̀ fún Baálẹ̀ ò rí ẹyọ kan fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Gbogbo wa ń wò ó, ọmọ náà ń dúró, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí a ṣe.

Fọláyọ̀ bọ́ síwájú. Ó di ojú rẹ̀ pọ̀, ẹnu tí kò pe orúkọ náà rí láti ọdún mọ́kànlélógún sì pè é jáde.

"Dáhùnsí," ó wí. "Ẹ dá ọmọ yín lóhùn."

Ó sì dáhùn. Ó ní òun ń bọ̀.